Ẹni Tó Máa Ń Jáde sí Àlejò

Ní Òkè Ewúrẹ́, bí èèyàn bá lọ sílé ẹnìkan, kì í kan ilẹ̀kùn. Á pa mọ́tò sí iwájú ilé, á jókòó sínú ẹ̀, á sì máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kò bá nǹkan kan wá. Àwọn ará ilé ti rí i. Wọ́n ń kó aṣọ kúrò lórí àga, wọ́n ń gbé kọfí kaná, wọ́n ń bọ́jú fún ọmọ. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán, ẹnìkan á jáde sí i. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jáde, a jẹ́ pé àyè àlejò ò sí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Á yí mọ́tò padà jẹ́jẹ́, á máa lọ, kò sì ní í gbé e sínú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára rí, níwájú ilé àbúrò ìyá mi. N ò gbé e sínú. Ó dáa, mo gbé e sínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo yí mọ́tò padà jẹ́jẹ́.

Arlene Tohannie ni ẹni tó máa ń jáde fún Ẹgbẹ́ Apọnmi. Ẹgbẹ́ náà ò ní ju ilé ìtajà àtijọ́ kan lọ, tí ẹni tó ni ín ti kógbá wọlé tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn, àti ọkọ̀ tánkì kan tí wọ́n fi ń gbé omi lọ fún àwọn àgbàlagbà tí páìpù ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lórí ilẹ̀ àwa Navajo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbí, irú wọn ṣì wà káàkiri. Àwọn obìnrin mélòó kan ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Arlene wà lára wọn, mọ́tò ara wọn ni wọ́n sì fi ń gbé dúrọ́ọ̀mù kiri nígbà yẹn. Nígbà tí òkìkí ẹgbẹ́ wá ń kàn, tí àwọn ará ìta bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wọ́n, ìbéèrè dìde pé ta ni yóò máa gbà wọ́n lálejò. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Arlene. Ó ti wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sí ọ̀nà tí kò mọ̀, kò sí ọmọ tí kò mọ ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Albuquerque. Àyè wà fún un.

Wọ́n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún un. Bí mọ́tò bá dé, kì í sáré. Á fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi díẹ̀, á gbé ìborùn lé èjìká, á fa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run jáde sórí àyà, kó tó wá jáde. Á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í fún ọwọ́ ẹni, á kàn fi ọwọ́ kan ọwọ́ ni. Lẹ́yìn náà á sọ ìdílé ìyá rẹ̀, á sọ ìdílé bàbá tí wọ́n bí i fún, á wá parí ẹ̀ bí àṣà wa, á ní, “Báyìí ni mo ṣe jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin ńkọ́?” Àwọn ará ìta á máa wojú ara wọn. Ọ̀kan lára wọn á ní iṣẹ́ báyìí lòun ń ṣe, ọ́fíìsì báyìí lòun wà. Arlene á ní, “N ò bi yín níṣẹ́. Mo ní ta ló bí yín.” Ẹ̀rín á sọ, ara á tù wọ́n, wọ́n á tẹ̀ lé e wọlé.

Lásìkò ìrẹ́run àgùntàn ni ọ̀kan nínú wọn wá fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́.

Ọkùnrin kan ni, òun nìkan ló wá. Arlene jáde sí i bó ṣe ń jáde sí gbogbo ayé, ajá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Bí ọkùnrin yìí ṣe rí arúgbó obìnrin tó da ìborùn bora, tòun tajá, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló bá fa gíláàsì sókè, ó sì ti mọ́tò pa mọ́ ara rẹ̀. Títí dé inú ilé la ti gbọ́ bó ṣe dún kò. Arlene ò kúrò níbẹ̀. Ó rò pé àṣìṣe ni. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, ó wá ti nǹkan kan gba ojú ihò náà yọ sí i. Bisikíìtì ni. Ọkùnrin náà rò pé agbe ni Arlene ń ṣe.

Nígbà tó mọ ẹni tó jẹ́, ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ṣùgbọ́n Verna tó ń dáná fún ẹgbẹ́ ti rí gbogbo ẹ̀ láti ojú fèrèsé, ẹnu Verna ò sì ní ìdérí. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, bí Arlene bá ti yọjú, á ní, “Alágbe dé o. Bisikíìtì dà?” Arlene ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọnú egungun. Láti ọjọ́ tó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lọ pàdé àlejò, ẹnìkan ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ ọ́ níbi ìpàdé.

“N ò jáde sí mọ́tò ará ìta kankan mọ́,” ó ní. “Àwọn kì í dúró sínú mọ́tò níbi tí wọ́n ti wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wọlé onílé. Kí wọ́n fi rìn wọlé wá. Èmi á wà lórí àga mi, ilẹ̀kùn ò ní í tì.”

Delbert Claw, alága ẹgbẹ́, kò dàgbà ju ọmọ tí Arlene lè bí lọ. Ó ní kò burú, bí Màmá bá ti wí náà ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ tánkì kú. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Wọ́n á tún un ṣe, á sáré díẹ̀, á tún dùbúlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹkáníìkì ṣí i wò, ó pa á dé padà, ó ní kí wọ́n má fi àkókò òun ṣòfò. Àwọn tó ní mọ́tò kékeré bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dúrọ́ọ̀mù kiri bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ara àtijọ́ kọ́ ni ara ìsinsìnyí. Ẹ̀yìn Arlene ò gbà fún un mọ́.

Ẹni tó sì kàn jù ni ẹ̀gbọ́n Arlene obìnrin, Desbah. Ìparí ọ̀nà ló ń gbé, ní òdìkejì odò gbígbẹ, nínú ilé ribiti onígi tí bàbá wọn kọ́, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Àgùntàn rẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí òjò bá rọ̀, odò gbígbẹ yẹn á kún, mọ́tò kékeré kankan ò ní í lè gbà á kọjá, Desbah á sì máa ṣọ́ ìwọ̀nba omi tó wà ní ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù lò. Ìròyìn yìí dé etí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Thelma, ní Phoenix. Thelma wakọ̀ wá bá Arlene. Kò bínú rárá, omijé ló wà lójú rẹ̀.

“Ìyá mi kékeré,” ó ní, “mo ti rí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan nítòsí mi. Ó mọ́, wọ́n ń tọ́jú èèyàn. Bí ọkọ̀ omi ò bá tíì dé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, mò ń bọ̀ wá mú màmá mi lọ. N kì í rí oorun sùn mọ́.”

Arlene ò rí ibi tó máa mú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ọmọ náà sọ ò burú. Ṣùgbọ́n Desbah pẹ̀lú ti sọ tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi àwòrán ilé náà hàn án nínú fóònù. “Ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí ibi tí wọ́n ń pa mọ́tò sí,” ó ní. “Níbo ni màá ti máa kí oòrùn láàárọ̀?” Ó da fóònù padà fún Thelma, ó lọ bá àgùntàn rẹ̀. Arlene tẹ̀ lé e débẹ̀, ó sọ fún un pé kò ní í lọ ibì kankan. Ó ti ṣèlérí kó tó mọ ibi tó máa gbé e gbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn kan láti Minnesota kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bá ẹgbẹ́ dòwò pọ̀. Wọ́n fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ náà. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn àti ẹgbẹ́ á jọ ra ọkọ̀ tánkì mìíràn. Delbert ka ìwé náà sí gbogbo èèyàn létí, ó wá wo Arlene. Arlene ní, “Mo gbọ́. Ilẹ̀kùn ò ní í tì.”

Ọjọ́ pé. Verna ti gbé ọbẹ̀ ẹran àgùntàn kaná láti àárọ̀, ó ń din búrẹ́dì pẹlẹbẹ sínú epo gbígbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Arlene wọ bùláósì àrán rẹ̀, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Nígbà tó yá, mọ́tò kan tí eruku ti pa láwọ̀ dà rọra wọ inú ọgbà, ó dúró, ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń hewú ló jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀.

“Wọ́n ti dé,” Delbert ní.

“Mo rí wọn.”

“Wọn ò bọ́ sílẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ wọn ni. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ tó bá wù wọ́n.”

Wọ́n dúró. Kò wu àwọn ará inú mọ́tò. Verna gbé àwo búrẹ́dì wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó na ọrùn wo ìta.

“Bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà,” ó ní.

“Tàbí wọ́n ń ka ihò tó wà lára òrùlé wa,” Delbert ní.

“Obìnrin yẹn ò wo òrùlé. Iwájú ló kàn ń wò ṣáá. Kò tiẹ̀ wo fóònù.”

“Fóònù wo? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo?”

“Hẹn, búrẹ́dì mi ń tutù o. Arlene, lọ sọ fún wọn pé bisikíìtì ti tán, búrẹ́dì la ní lónìí.”

Verna ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Arlene kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, ó gbé àgbọ̀n sókè, a sì mọ̀ pé ó parí nìyẹn.

Delbert wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà jáde sí wọn.”

“Kí wọ́n lè fa gíláàsì sókè fún mi?”

“Àwọn yìí kọ́ ló fà á sókè.”

“Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò ní í fà á?”

“Ọkọ̀ omi la ń wá o, Màmá.”

“Ṣé o rò pé n ò mọ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n ta ni Desbah?”

Delbert dìde. Kò sí ẹlòmíràn tó lè jáde. Kí ẹnìkan fo Arlene kọjá lórí àga tó jókòó sí, kó lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀, gbígbà ni onítọ̀hún gba àga náà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó láyà ẹ̀ nínú ilé náà. Arlene alára mọ̀ pé òun ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ó ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kàn, lórí bẹ́ẹ̀dì kan ní Phoenix, tó ń wá ibi tí oòrùn gbà yọ. Ó ní kí òun dìde. Ó tún rántí gíláàsì tó ń gòkè, àti bí bisikíìtì yẹn ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbà. Ìtìjú ò jẹ́ kó dìde, ìtìjú náà ni ò jẹ́ kó lè jókòó dáadáa.

Ọbẹ̀ ti ń gbẹ lórí iná. Delbert ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà, bí Arlene bá máa bínú kó bínú. Kó tó débẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ mọ́tò. Mọ́tò náà rọra yí padà. Kò fọn fèrè. Ńṣe ló ń fà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí eruku má bàa fẹ́ sínú ilé, ó gba ẹnu ọgbà jáde.

Nígbà náà ni Arlene dìde.

“Ará ìta kì í yí mọ́tò padà báyẹn,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí. “Wọ́n ń dúró dè mí ni. Àtàárọ̀ yìí, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró dè mí bí ọmọ ilé.”

Verna jókòó sórí àga kan, tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́. “Yéè,” ó ní. “Ó sì ń wo iwájú ṣáá.”

Arlene ti jáde. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó gba ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, obìnrin tó bá ti wa bọ́ọ̀sì iléèwé lórí ọ̀nà wa mọ ibi tí gbágungbàgun wà àti ibi tí kò sí. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, apá ọ̀tún ló lọ sí títì ọlọ́dà, apá òsì sì lọ sí ilé Desbah, ibẹ̀ ló parí sí. Apá òsì ni eruku ṣì wà lókè. Wọ́n ti ṣi ọ̀nà. Arlene tẹ̀ lé eruku náà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun tó sì ń sọ fún ara rẹ̀ ò ṣe é sọ síbí. Adúrú ọ̀nà tí wọ́n rìn láti Minnesota, tí wọ́n sì fìwà jọ wá dé ẹnu ọ̀nà wa, àwa la wá ṣe bí ará ìta sí wọn. Òun ló ṣe é. Kì í ṣe àwa.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mọ́tò àwọn àlejò wà lábẹ́ igi kédárì, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Arlene pa ọkọ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fẹ́ fò bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó jókòó. Kọ́tìnnì fèrèsé mì, ojú Desbah yọ, Desbah wò ó dáadáa, ó sì jẹ́ kí kọ́tìnnì padà sípò rẹ̀. Kò jáde.

Arlene dúró. Ó dúró títí ajá tó ń gbó o fi lọ dùbúlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àwọn àlejò nínú ilé, ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó wo ọ̀kánkán. Ó yé e pátápátá bó ṣe rí fún àwọn tó jókòó níta fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀, ó sì dùn ún ju ti bisikíìtì lọ.

Ìgbà tó wu Desbah, ó jáde. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó ní ló wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ta nìyẹn?” ó ní, ó sì mọ̀ ọ́n.

“Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní àlejò.”

“Mo mọ̀. Àlejò mi ni wọ́n.”

“Tìrẹ kẹ̀? Wọ́n ní àwọn dé ọ̀dọ̀ rẹ, o ò jáde.” Desbah jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀. “Wọlé. Má sọ̀rọ̀ jù.”

Obìnrin tó ń hewú náà dìde nígbà tí wọ́n wọlé. Colleen lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí wọn. Arlene na ọwọ́ sí i, Colleen sì fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, kò fún un.

“Ẹ má bínú sí wa,” Colleen ní. “Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yín ló kọ́ wa. Ó ní ká má kan ilẹ̀kùn, ká dúró sínú mọ́tò. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá jáde, kò rọrùn fún wọn nìyẹn, ká máa lọ. A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ìgbà tá à ń lọ la ṣìnà, màmá yìí sì jáde sí wa.”

Ì bá rọrùn fún Arlene láti sọ pé iná ń jó ọbẹ̀, tàbí pé ìpàdé gùn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. “Ó rọrùn fún wa,” ó ní. “Èmi ni mo ya olórí kunkun. Ẹ̀ ń san gbèsè ẹlòmíràn ni.” Ó wá sọ ọ̀rọ̀ bisikíìtì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àlejò ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní èdè wa fún Desbah, nítorí Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tí Desbah ń gbọ́ ò tó fún ìtàn gígùn.

“Bisikíìtì?” Desbah ní. “O sì jẹ ẹ́?”

“Mo fún ajá.”

“Ajá wá jẹ ẹ́?”

“Kò jẹ ẹ́.”

Desbah rẹ́rìn-ín títí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi ń dún. Nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn náà fún àwọn àlejò, àwọn pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ilé sì tù.

“Tún bu kọfí fún wọn,” Desbah ní. “Ìyá yẹn ti mu ife kejì, ó mọ̀ ọ́n mu. Mo bi í pé ta ló bí i, ó sọ fún mi. Ìran apẹja ni ìyá rẹ̀.”

Arlene gbé kẹ́tùrù, kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ó lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ìdérí, ó ki agolo bọ̀ ọ́. Agolo ha ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ó dún gàràrà. Ó tún un kì. Ó tún dún bẹ́ẹ̀.

“Ta ní kó o ṣí i?” Desbah ní lédè wa, ó ń fi ojú bá a wí.

“Ẹ̀gbọ́n, omi ti tán.”

“Mo mọ̀ pé ó ti tán. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo bù ú tán ni? Àlejò dé, kọfí ni wọ́n ń mu. Dé e padà.”

Colleen ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ agolo. Ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo Desbah, ó wo ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e ti gbé tiwọn sílẹ̀ láìtíì mu dé ìdajì. Colleen gbé ife tirẹ̀ sẹ́nu, ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ó sì wo àwọn méjèèjì. Àwọn náà gbé ife wọn, wọ́n mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Desbah wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn. Lójú tirẹ̀, àlejò tó gbádùn kọfí òun ni wọ́n.

“Ìgbà wo ni omi míì ń bọ̀?” Colleen bi Arlene.

Arlene sọ fún un. Ó sọ ti ọkọ̀ tó kú àti ti odò gbígbẹ. Ó sọ ti Thelma tí kò rí oorun sùn, àti ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń pa mọ́tò sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Colleen ò ṣèlérí kankan. Ó kàn bi í pé ṣé àwọn lè padà lọ sí ilé ẹgbẹ́, bí kò bá ti pẹ́ jù.

“Ọbẹ̀ ti gbẹ díẹ̀,” Arlene ní. “Ẹ máa tẹ̀ lé mi bọ̀.”

Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó gba iwájú Delbert àti Verna kọjá, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Mọ́tò àwọn àlejò wọ inú ọgbà, ó dúró, ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Wọn ò bọ́ sílẹ̀. Verna la ẹnu.

“Verna,” Arlene ní, “gbé búrẹ́dì rẹ kaná.”

Ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ìborùn lé èjìká, ó fa ìlẹ̀kẹ̀ jáde sórí àyà, ó jáde, ajá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Àyà rẹ̀ ń já bó ṣe ń gba inú ọgbà kọjá, ẹ má jẹ́ kí n pa á mọ́ fún yín. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà, gíláàsì mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ọwọ́ Colleen sì yọ jáde, ó nà án sí i. Arlene fi ọwọ́ kàn án. Ó sọ ìdílé ìyá rẹ̀, ó sọ ìdílé bàbá tí wọ́n bí i fún. “Báyìí ni mo ṣe jẹ́ obìnrin,” ó ní. “Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ọmọ apẹja ni ìyá mi,” Colleen ní, ó sì ń bá a lọ. Kò dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Ọkọ̀ tánkì tuntun tí ẹgbẹ́ àti àwọn ará Minnesota jọ rà dé nígbà tí yìnyín ìkíní ṣì tín-ín-rín lórí ilẹ̀. Delbert ló ń wà á títí di òní, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ àkọ́kọ́, Arlene ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun du ú. Ó gbé e gba odò gbígbẹ kọjá, ó gbé e wọ iwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Thelma ti sọ lórí fóònù lálẹ́ àná pé òun ń bọ̀ wá jẹun ọdún, òun ò wá mú ẹnikẹ́ni lọ. Èéfín ń jáde lórí ilé. Kọ́tìnnì mì, ó padà sípò rẹ̀.

Desbah pẹ́ gidi. Arlene ò kánjú. Ó jókòó, omi kún tánkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dé ẹnu, ó ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kò bá nǹkan kan wá. Oòrùn yọ, ó tàn sára ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí.